Jíà Tó Kù Lára Kẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbọ́n

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbàgbé. Ayọjíà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí ẹ bá ní kẹ̀kẹ́ eré-ìje àtijọ́ kan tó ń dípẹta lẹ́yìn ilé, ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lórí òkè. Yóò ha ìpẹta rẹ̀ kúrò, yóò kùn ún lọ́dà tuntun, lẹ́yìn náà yóò tú gbogbo jíà ara rẹ̀ dànù: ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i, wáyà, irin tó ń ti ṣéènì síwá sẹ́yìn. Nínú gbogbo àwo eléyín tó tò ti ara wọn níbi táyà ẹ̀yìn, ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò kù. "Ohun tí kò sí níbẹ̀ kò lè bàjẹ́," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, á wá máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ó máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí yangàn jù, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kan wà tí kò jẹ́ fọwọ́ kàn. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n tó kọ́ ọ níṣẹ́. Tapólìn ló fi dì í, ó fi okùn so ó pinpin, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àwọn tó rí òkú ẹ̀gbọ́n náà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yìí ló gbé kẹ̀kẹ́ náà wá. Wọ́n ní eré àsápajúdé ló bá sọ̀ kalẹ̀, bíréèkì ò sì mú un. Ta ló sì fi wáyà bíréèkì tuntun sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà? Ayọjíà ni. Ẹnikẹ́ni ò bá a wí. Ìyẹn gan-an ló burú, torí ẹni tí wọn ò bá wí ló ń bá ara rẹ̀ wí títí.

Kẹ̀kẹ́ náà kò sì dákẹ́. Lọ́sàn-án gangan, bí àwọn oníbàárà bá ti lọ tán, á gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn: kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ìró tí táyà ẹ̀yìn ń ṣe ni, nígbà tí ẹni tó gùn ún bá dá ẹsẹ̀ dúró, tó ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yí lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ gòkè kì í gbọ́ ọ. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń gbọ́ ọ. Ayọjíà á yíjú wò, tapólìn ò ní mì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé èkúté ni. Ó ra rédíò, ó yí i sókè, ìró náà sì ń gba abẹ́ orin jáde. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì rí ẹni sọ fún.

Níjọ́ kan ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà yọ lẹ́nu ọ̀nà. Aránṣọ ni, ilé ìwòsàn tó wà nísàlẹ̀ òkè ló ń bá rán aṣọ ibùsùn.

"Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹ bá mi tún kẹ̀kẹ́ yẹn ṣe. Ẹ yọ gbogbo wàhálà ara rẹ̀, kí n lè máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́."

"Ìyàwó wa, kẹ̀kẹ́ wo?"

"Ẹ má ṣe mí bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Ẹ jẹ́ n wá òmíràn fún yín."

"Mi ò fẹ́ òmíràn." Ohùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. "A jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun ò ní wọ ilé mi mọ́ láyé. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ, kò sì padà. Mo ti bá ọ̀rọ̀ yẹn sùn, mo ti bá a jí. Kẹ̀kẹ́ tó fi sá fún mi, ẹ jẹ́ kó wá sìn mí."

Ayọjíà ò gbọ́ èyí rí. Kò lè sọ pé rárá mọ́. Ó gé okùn, ó tú tapólìn, eruku sì bo àwọn méjèèjì. Bíréèkì ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ bá. Ìpẹta ti dì í pa. Kò lè jẹ́rìí kankan. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí ṣéènì. Ó lóṣòó. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pátá.

"Kí ló dé? Ẹ ń dẹ́rù bà mí."

"Ẹ wo ibi tí ṣéènì wà. Àwo tó tóbi jù ni. Òkè nìkan la fi ń gùn. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ kì í fi ṣéènì síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kàn máa yí lásán ni. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ mi. Ìpẹta ti lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

"Kí lẹ ń sọ gan-an?"

"Ó ti dé ìsàlẹ̀, ó ti yí padà. Ilé ló ń bọ̀."

Obìnrin náà wá garawa ọ̀dà kan jókòó lé, ó gbé aṣọ bojú, ó sunkún. Ayọjíà náà sunkún, ó sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ wáyà fún un.

"Ohun tó gbé e ṣubú, mi ò mọ̀," ló wí. "Bóyá òòyì ni, bóyá àyà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gòkè, kí ló fẹ́ fi bíréèkì ṣe?"

"Ṣé ohun tẹ́ ẹ gbé pamọ́ sínú látọjọ́ yìí nìyẹn? Ọkọ mi, ẹ ò bá ti sọ fún mi."

Nígbà tí ojú wọn gbẹ díẹ̀, Ayọjíà mú sípánà. "Àwo àárín ni màá fi sílẹ̀, bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn."

"Rárá o. Àwo ńlá yìí gan-an ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀."

"Ìyàwó wa, kò ní sáré o! Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, arúgbó tó ń tẹ̀pá á yà yín sílẹ̀. Wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ta ni mò ń lé?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é. Ó tú gbogbo ìyókù dànù, ó gé ṣéènì tuntun bó ṣe yẹ, ó fa táyà ẹ̀yìn sẹ́yìn títí ṣéènì fi le. Ó fi wáyà bíréèkì tuntun sí i lójú obìnrin náà, ó ní kó fà á wò fúnra rẹ̀. Ọwọ́ jíà tí àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n fà kẹ́yìn, kò lè jù ú sínú irin àlòkù. Ó fi í sápò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí obìnrin náà kọ́kọ́ gùn ún dé láti ibi iṣẹ́, Ayọjíà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó rí i tó ń gòkè bọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń rẹ́rìn-ín. Kẹ̀kẹ́ náà ò dún rárá. Ó kọjá, ó yà sí ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ayọjíà wọlé, ó pa rédíò. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn níwájú ìkọ́ òfìfo, ó ń tẹ́tí. Ó tẹ́tí títí. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ìgbà náà ló tó yé e pé ẹ̀gbọ́n òun ti kú.