Awọ Ọṣẹ Kẹta

Obìnrin kan wà tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ wíwá owó tí kì í ṣe tirẹ̀, fún iṣẹ́ tí kò yé e, lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí kò rí rí. Abániwówó ni wọ́n ń pè é jákèjádò ilé ẹ̀kọ́ gíga náà, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì títí dé ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, orúkọ àwàdà náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ àbísọ pè é, yóò kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò kí ó tó dáhùn. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí fèrèsé kan ṣoṣo ti kọjú sí ògiri. Kọ̀ǹpútà kan, àga méjì, àti fáànù kan tí ń mi orí bí àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ kò tíì dá lójú: gbogbo ohun ìní ọ́fíìsì náà nìyẹn. Níbẹ̀ ni ó ti bá onímọ̀ kòkòrò wá owó, tí ó bá onímọ̀ ilẹ̀ wá owó, tí ó sì bá àwọn tí ń ṣèwádìí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró wá owó. Ó mọ ohun tí olówó ń fẹ́ gbọ́. Olówó fẹ́ gbọ́ pé àrùn yóò lọ, pé omi yóò mọ́, pé irè oko yóò pọ̀ sí i. Bí onímọ̀ bá gbé ọ̀rọ̀ líle wá, Abániwówó a rẹ ẹ́ sómi, a fọ̀ ọ́, a sá a, títí yóò fi rọ̀ lẹ́nu ẹni tí kò lọ́wọ́ sí i rárá.

Iṣẹ́ kan ni ó wá bá a tí ó kọ̀ tí kò rọ̀.

Ọmọbìnrin kan ni ó gbé e wá, onímọ̀ ìṣirò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Dókítà Ọlọ́ṣẹ, nítorí pé kò sí ìgbà tí ike ọṣẹ olómi kò sí lórí tábìlì rẹ̀ láàárín ìwé. Àwọn tí ń gbálẹ̀ ti fi ẹ̀sùn kàn án rí pé òun ni ó ń kó ọṣẹ àwọn.

Ó ní, “Ẹ káàsán, mà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ lè gbà mí.”

“Ta ló ń lé ọ?”

“Ọjọ́ ni, mà. Àdéhùn iṣẹ́ mi ń parí lópin sáà yìí. Bí mi ò bá rí owó ìwádìí, wọ́n á gba yàrá lọ́wọ́ mi. Iléeṣẹ́ adójútòfò kan ti ní kí n wá máa bá àwọn ṣírò ìgbà tí èèyàn máa kú.”

“Iṣẹ́ ṣáà ni ìyẹn náà.”

“Iṣẹ́ ni, mà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo ti ń bá jà láti ọjọ́ yìí wá, ta ni kí n fi lé lọ́wọ́? Gbogbo àwa tó ń ṣe é lágbàáyé, bóyá la lè kún bọ́ọ̀sì kan.”

Abániwówó fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà. “Ó dáa. Kí ló wúlò fún?”

“Mi ò tíì mọ̀.”

“Kí lo máa rí lọ́dún kejì?”

“Bí mo bá mọ̀ ọ́n, mà, mi ò ní máa wá a.”

Abániwówó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, bóyá yóò rí ọmọ náà dáadáa. “Ṣé ebi lo fẹ́ kó pa ọ́ ni? Jẹ́ kí n kọ ọ́ pé ó lè wo àìsàn ọkàn.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́. Irọ́ ni.”

“Irọ́ kékeré ni.”

“Nínú ìṣirò, mà, kò sí kékeré.”

Ẹ̀rín pa Abániwówó, inú sì bí i díẹ̀, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ náà ni ó ti fi ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yìí sọ́kàn bí ìyá tí ń wá ọkọ fún ọmọ tí kò gbà kí a kun òun ní àtíkè. Àjọ tí ó kọ̀wé sí kọ̀. Èyí tí kò kọ̀ kò fèsì. Nígbà tí ó ṣe, ó rí àjọ kékeré kan tí olóògbé kan fi ogún rẹ̀ dá sílẹ̀ fún àwọn ìbéèrè tí ẹlòmíràn kò ní náwó lé lórí. Ohun kan ni wọ́n fi dandan lé: ojú ìwé kan ní èdè tí ẹni tí kò mọ ìṣirò yóò gbọ́.

Bí gbèdéke ti ń wọlé dé, ó ránṣẹ́ pe Dókítà Ọlọ́ṣẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìwé gbọ́dọ̀ wọlé. Ó ní, “Èmi kì í fọ aṣọ tí mi ò fọwọ́ kàn. Wá fi nǹkan náà hàn mí.”

Ọmọbìnrin náà gbé abọ́ oníke kan wá pẹ̀lú wáyà bàbà tí a tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ bí ìránpọ̀ tó yí ara bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ká. Ó po ọṣẹ mọ́ omi, ó ri wáyà náà bọ̀ ọ́, ó sì gbé e sókè. Abániwówó gbàgbé láti mí. Awọ kan ti na ara rẹ̀ sínú wáyà náà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó tẹ̀ sókè bí òrùlé tí ẹnikẹ́ni kò kàn, àwọ̀ aró àti ti wúrà sì ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń lọ síbi kan. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni obìnrin yìí ti ń fọ abọ́. Kò rí ọṣẹ rí àfi lónìí.

Dókítà Ọlọ́ṣẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ lójú oorun: “Ahun ni ọṣẹ, mà. Nínú gbogbo awọ tó lè dí wáyà yìí, èyí tó máa ná an ní ìwọ̀nba tó kéré jù nìkan ló máa ń mú. Kò lo rúlà, kò lo kọ̀ǹpútà, ó sì ṣe é kí n tó pajú dé. Ó máa ń gbà mí lóṣù púpọ̀ láti—”

Ìlẹ̀kùn ṣí. Wọ́n ń wá a: ó yẹ kí ó ti wà ní gbọ̀ngàn, kí ó máa ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbi ìdánwò.

“Mo ń bọ̀, mà! Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀!”

Ìdánwò náà kò sì parí kí ọ̀sán tó pọ́n, ọ̀sán sì ni gbèdéke. Abániwówó jókòó, orí rẹ̀ ṣì ń wú, ó sì kọ ojú ìwé tí ó dára jù lọ láti ìgbà tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Gbólóhùn tí ó fi parí rẹ̀ dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó kà á sókè fún fáànù gbọ́: “Wáyà kọ̀ọ̀kan ni ó ní awọ tirẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo tí a dá mọ́ ọn.” Ó fi ránṣẹ́.

Nígbà tí ó di ọjọ́ ìsinmi, ó mú wáyà náà lọ sílé láti fi yangàn fún ọkọ rẹ̀, aránṣọ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí kò sì fẹ̀yìn ẹnu tì. Ó gbé abọ́ omi ọṣẹ kalẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó ri wáyà bọ̀ ọ́, ó gbé e sókè.

Ọkọ rẹ̀ ní, “Ìyá wọn, ohun tí wọ́n ń sanwó oṣù fún yín lọ́hùn-ún nìyí?”

“Ẹ wò ó dáadáa, Bàbá wọn. Kò sí aránṣọ tó lè gé aṣọ bá ara mu báyìí.”

“Ẹnu yẹn ni mo gbé níyàwó o.” Ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú, ó sì fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, fùú.

Awọ náà gbọ̀n, ó fò, kò sì bẹ́. Ó ti tẹ̀ sísàlẹ̀ báyìí bí àwo ọbẹ̀, apá mìíràn lára wáyà náà ni ó sì gùn lé. Wáyà kan náà ni. Ọṣẹ kan náà ni.

“Ẹ ti bà á jẹ́!”

“Kò bàjẹ́. Ó pààrọ̀ aṣọ ni.”

Omi ọṣẹ ṣì ń kán láti ìka Abániwówó nígbà tí ó gbé fóònù. “Dókítà, wáyà rẹ ní awọ méjì!”

Ohùn Dókítà Ọlọ́ṣẹ dé, jẹ́jẹ́: “Mà, kí ni ẹ kọ ránṣẹ́?”

Nígbà tí Dókítà Ọlọ́ṣẹ gbọ́ gbólóhùn náà, kò bínú, èyí ni ó sì dun Abániwówó jù. Ó kàn ṣàlàyé pé iye awọ tí wáyà kan lè gbà gan-an ni ìbéèrè tí òun ń bi. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, a jẹ́ pé iṣẹ́ ti parí, kò sì sí ohun tí a ń tọrọ owó fún. Àjọ náà kò sì gba àtúnṣe lẹ́yìn gbèdéke.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni èsì wọn rí. Wọ́n ní nípa ẹ̀rí ẹnu àwọn olùbéèrè fúnra wọn, ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Síbẹ̀, kí wọ́n wá fojú kojú ìgbìmọ̀ bí wọ́n bá ní àwíjàre. Iléeṣẹ́ adójútòfò náà kọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ kan náà pé àga ti wà nílẹ̀ o.

Àgbàlagbà mẹ́ta ni wọ́n bá nídìí tábìlì gígùn kan tí ó ń dán bí omi. Adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni alága wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé ojú wo ènìyàn láti orí awò ojú rẹ̀.

“Ta ló kọ gbólóhùn yìí?”

Dókítà Ọlọ́ṣẹ la ẹnu láti gbà á sọ́rùn, ṣùgbọ́n Abániwówó ti dìde.

“Èmi ni, sà.”

“Ṣé ẹ mọ ìṣirò ni?”

“Mi ò mọ̀ ju èyí tí mo fi ń bá ọlọ́jà jà, sà. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo rí nǹkan náà, ó rẹwà, mo wá rò pé mo ti rí gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí n fi bó ṣe tàn mí jẹ hàn yín.”

Ó gbé abọ́, ike omi ọṣẹ àti wáyà náà jáde nínú báàgì rẹ̀. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ sáré kó ìwé kúrò lórí tábìlì dídán náà. Abániwówó ri wáyà náà bọ omi ọṣẹ, ó gbé e sókè, òrùlé aláwọ̀ mèremère náà yọ. Ó fẹ́ ẹ, ó di àwo. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ké “Háà!” bí ọmọdé. Kí a tó mọ̀ ọ́n, adájọ́ ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń rì í, tí ó ń fẹ́ ẹ láti òkè wá sísàlẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Níkẹyìn ó gbé wáyà náà kalẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń lu òòlù: “Ẹ̀rí ti pé. Méjì ni.”

Dókítà Ọlọ́ṣẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ ti dájọ́, sà, ẹlẹ́rìí kẹta ò tíì sọ̀rọ̀.”

“Ẹ̀kẹta wà? Níbo?”

“Láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ wò ó bí òkè kan tó ní àfonífojì lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Inú àfonífojì ni ọṣẹ lè sinmi sí. Ṣùgbọ́n láti inú ọ̀kan dé inú èkejì, ó gbọ́dọ̀ gun òkè kọjá. Awọ kẹta dúró ní góńgó orí òkè yẹn. Awọ gidi ni, ó péye bí àwọn méjì yẹn. Ọṣẹ ni kò lè dúró níbẹ̀. Èémí kòkòrò ti tó láti bì í ṣubú. Kò sí ojú tó lè rí i. Ìṣirò nìkan ló lè dúró síbẹ̀, kó wo ọ̀tún, kó wo òsì.”

Fáànù àjà ń yí. Adájọ́ ń wo inú wáyà òfìfo náà bí ẹni tí ń wo inú kànga.

Ó bi í, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, “Àwọn wáyà mìíràn ńkọ́?”

“Àwọn kan ní ẹyọ kan, àwọn kan ní púpọ̀. Ṣé wáyà kan wà tí a tẹ̀ jọ̀lọ̀ báyìí, tí awọ inú rẹ̀ ò lópin? Èmi ò mọ̀, sà. Àwọn tí mo bi ò mọ̀. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Mi ò sì lè ṣèlérí pé n óò débẹ̀.”

Abániwówó di ojú. Gbólóhùn tí òun ìbá fọ̀ dànù, tí òun ìbá sá títí yóò fi ṣá, ni ọmọ yìí gbé kalẹ̀ gbígbẹ lójú olówó. Nígbà tí ó la ojú, kò sí ẹni tí ń kọ nǹkan kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; wọ́n ń wo wáyà.

Èsì dé kí sáà tó parí. Wọ́n fún un lówó náà. Dókítà Ọlọ́ṣẹ sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tó bẹ́ẹ̀ tí fáànù abẹ́ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ó sì dì mọ́ Abániwówó. Adájọ́ kò dá wáyà náà padà. Nígbà tí wọ́n béèrè, ó ní òun ṣì ń gbẹ́jọ́ lórí rẹ̀.

Òmíràn ni Dókítà Ọlọ́ṣẹ tẹ̀ fún Abániwówó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó rì í nínú ilé ìdáná, ó gbé e sí iwájú ọkọ rẹ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń tan gba inú awọ náà kọjá.

“Ẹ fẹ́ ẹ, Bàbá wọn. Jẹ́jẹ́.”

Ọkùnrin náà fẹ́ ẹ. Òrùlé gbọ̀n, ó fò, ó di àwo.

“Ẹ̀kẹta ti kọjá.”

“Kí ló kọjá? Èmi ò rí nǹkan kan.”

“Èmi náà ò rí i,” ni Abániwówó wí, kò sì mú ojú kúrò níbẹ̀. “Ṣùgbọ́n ó gba iwájú wa kọjá báyìí. Ẹ tún un fẹ́.”