Àǹtí Ilé Ìkẹ́rùsí Muṣin

Títí dòní, bí mo bá gbóòrùn epo lọ́wọ́ mi, mo máa ń rántí àǹtí tó jẹ́ ọ̀gá wa nílé ìkẹ́rùsí kan ní Muṣin, níbi tí a ti ń tọ́jú páúdà funfun tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi. Láràárọ̀, àǹtí á di ọwọ́ wa mú, wọ́n á gbé e sí imú wọn bóyá epo wà níbẹ̀.

"Lọ fọ̀ ọ́, ọmọ mi. Bí páúdà yìí bá pàdé epo, iná lọmọ tí wọ́n máa bí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àpò kan ya lórí mi, páúdà náà sì dà sí mi lójú. Mo fẹ́ fọwọ́ ra á, àmọ́ àǹtí fà mí dé ìdí ẹ̀rọ omi, wọ́n ń da omi sí i láìdúró. Mo bẹ̀ wọ́n pé ó tó.

"Kò tíì tó. Lajú ẹ. Mo wà níbí."

Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á ṣe.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní omi yẹn ló gba ojú mi là. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì tí wọ́n fi di ojú mi, àǹtí dúró níwájú mi, wọ́n na ìka sókè.

"Mélòó lo rí?"

"Méjì, mà."

Wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n sì gbàgbé ìka méjèèjì sókè bẹ́ẹ̀.