Aṣọ Pupa Lára Igi Óákù

“Àǹtí, ṣé iṣẹ́ igi yìí ò tíì sú yín ni?”

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Doyinsọ́lá nígbà tó gbójú gbóyà bi Làdíátù, àbúrò ìyá rẹ̀, léèrè nínú mọ́tò. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ Làdíátù ní bàtà. Ó kàn tẹjú mọ́ títì títí wọ́n fi dé Alief, àdúgbò wọn ní Houston.

Ìmọ̀ nípa igbó ló kọ́ l'Ábẹ́òkúta. Ní Houston, ó ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó láàárọ̀, ó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa igi, omi àti ilẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: “Igbó la sá kúrò nínú ẹ̀ wá Amẹ́ríkà, ìwọ tún ń kọ́ igbó! Lọ ṣe nọ́ọ̀sì jàre, Làdí. Ta ní ń kí olùtọ́jú igi kú iṣẹ́?”

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń tọ́jú etí odò ní kó wá fi oṣù mẹ́ta dánra wò. Bó bá ṣe dáadáa, wọn yóò gbà á pátápátá. Evelyn, ọ̀gá ibẹ̀, ní kó sàmì sí àwọn igi óákù tí wọn kò gbọ́dọ̀ gé. Làdíátù so aṣọ pupa mọ́ wọn bí ẹni pa ààlè. Nílé, ta ni yóò fọwọ́ kan ohun tí wọ́n pa ààlè sí? Àṣé lọ́dọ̀ àwọn agégi ibí, pupa ni àmì igi tí wọ́n fẹ́ gé. Kó tó di ọ̀sán, igi mọ́kànlá ti wà nílẹ̀.

“Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ,” ni Evelyn wí. Kò pariwo, ṣùgbọ́n kò gbà á síṣẹ́. Ọjọ́ náà gan-an ni Doyinsọ́lá béèrè ìbéèrè rẹ̀.

Làdíátù padà sídìí àwọn arúgbó. Ọdún mẹ́rin ló tún fi kàwé, oorun a máa gbé e lọ lórí ìwé. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé ń yẹ omi wò fún ìlú, òmíràn ń ṣọ́ ẹyẹ létí òkun. Títọ́jú igi nínú irà ni iṣẹ́ tirẹ̀ já sí nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú ẹ̀fọn, oòrùn àti orúnkún ríro.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Doyinsọ́lá, tó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, gbé fọ́ọ̀mù yunifásítì wá bá a. Ìyá rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì ni yóò ṣe. Òun kò tíì kọ nǹkan kan síbẹ̀. Làdíátù nasẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

“O bi mí ní nǹkan kan nínú mọ́tò lọ́jọ́sí. Ó sú mi, ọmọ mi. Ó ti sú mi kó o tó béèrè. Iṣẹ́ arúgbó náà sú mi, àmọ́ ìyẹn, àìrí iṣẹ́ míì ṣe ni. Iṣẹ́ igi yìí, èmi ni mo yàn án.”