Kásẹ́ẹ̀tì Tí Ràmọ́nì Kò Tú Wò

Tẹ́ ẹ bá dé Ṣakí tẹ́ ẹ ní ẹ ń wá Ràmọ́nì, wọ́n á bi yín pé Ràmọ́nì wo, torí wọ́n pọ̀. Ẹ sọ pé Ràmọ́nì Ojúlówó. Kíá ni wọ́n á mú yín dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ má retí pé ẹ máa bá aṣọ tàbí góòlù níbẹ̀ o. Kásẹ́ẹ̀tì géèmù ni, àwọn géèmù àtijọ́ tá a máa ń kì bọ ẹ̀rọ tá a so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, láyé ìgbà tí fóònù ò tíì sí lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Ó tò wọ́n láti ilẹ̀ dé àjà, ó fi ọ̀rá wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀, ìyá Misturat, ní ká ní kásẹ́ẹ̀tì lòun ni, òun náà ì bá rí ìtọ́jú.

Ẹ má fi ṣeré. Àwọn èèyàn wà ní Ìbàdàn, ní Èkó, títí dé òkè òkun, tí wọ́n ń fi owó gidi ra nǹkan wọ̀nyí nítorí pé wọn ò ṣe irú wọn mọ́. Ibi tí owó bá sì wà, ayédèrú ò ní jìnnà síbẹ̀. Iṣẹ́ Ràmọ́nì ni láti ya ojúlówó sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n fi ń luni ní jìbìtì. Á gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, á wo bó ṣe wúwo sí. Á wo lẹ́tà ara rẹ̀ bóyá ó mọ́ tàbí ó rú. Á wo orí ìdè, ìyẹn síkúrù, tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí kò bá tíì dá a lójú, á tú u, á wo bọ́ọ̀dù inú rẹ̀: ti ojúlówó ní orúkọ ilé iṣẹ́ àti ọdún lára, ti ayédèrú á kàn ní ọ̀dà dúdú kan láàárín bí ìgbẹ́ ewúrẹ́. Tó bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ìgbéraga náà ò sì gbẹ́yìn, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ìdòwú ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ ní ilé géèmù kan ní Ṣakí, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń kó kásẹ́ẹ̀tì wọlé láti Kútọnu. Ràmọ́nì ń tún wọn ṣe. Ìdòwú ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń lé àwọn tó sá kúrò nílé kéwú padà sílé kéwú. Nígbà tí ọ̀gá wọn kógbá sílé, ó ní kí kálukú mú kásẹ́ẹ̀tì kan. Ìdòwú mú tirẹ̀, ó lọ ń gbin iṣu ní Ogbooro. Ràmọ́nì ní tiẹ̀ ò kúrò nídìí géèmù mọ́.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Ìdòwú rí i lórí fóònù ọmọ rẹ̀, Waheedat, pé àwọn olówó ń wá géèmù kan lójú méjèèjì, ó sì mọ̀ pé òun ní in. Ó gbé e wá sí Ṣakí lọ́jọ́ Sátidé, ó fẹ́ tà á kó lè fi rán ọmọ náà lọ sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ó bá èrò ní ṣọ́ọ̀bù. Olúsọjí, oníbàárà Ràmọ́nì láti Ìbàdàn, wà níbẹ̀, àwọn ará àdúgbò náà sì wà níbẹ̀. Ràmọ́nì gba kásẹ́ẹ̀tì, ó yí i padà lẹ́ẹ̀kan. Èèpo rẹ̀ fúyẹ́, ó ti pọ́n, lẹ́tà ara rẹ̀ rú, ìdè rẹ̀ kì í ṣe irú ti ilé iṣẹ́. Ohun tí Olúsọjí máa sọ tóun bá ṣojúsàájú ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣé ẹ rò pé ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀? Rárá o. Ìṣojú gbogbo èèyàn ló ti sọ ọ́.

“Ayédèrú ni, Ìdòwú. Má gbé irú èyí wá síbí mọ́.”

Olúsọjí ní kí wọ́n ṣáà tú u wò, ó na ọwọ́ sí i. Ìdòwú yára mú kásẹ́ẹ̀tì, ó tì í bọ àpò. Ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀, Ràmọ́nì ti sọ̀rọ̀. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ó kí gbogbo ilé, ó jáde. Bó ṣe jáde ni ẹ̀rín sọ. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ojúlówó ni, kí ló ń bà á lẹ́rù? Ká tó wí, ká tó fọ̀, orúkọ tuntun ti dé Ogbooro ṣáájú rẹ̀: Ìdòwú Ayédèrú. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi pè é lọ́nà oko. Waheedat ò lọ sílé ẹ̀kọ́ kankan. Ràmọ́nì gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó dùn ún díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní Ìdòwú ló yẹ kó wá bẹ òun, ẹni tó fẹ́ fi orúkọ òun ta ayédèrú. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó ya ilé ẹnì kejì.

Nígbà tí òjò tó kọjá yìí ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni àìsàn dá Ìdòwú dúbúlẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ó kú. Wọ́n ti sin ín kí Ràmọ́nì tó gbọ́. Àdúà ọjọ́ kẹjọ ló bá. Ó gun ọ̀kadà dé Ogbooro, ó jókòó sórí ẹní láàárín àwọn àgbà. Nígbà tí Lèmọ́mù parí wáàsí, ó bẹ àwọn èèyàn bí wọ́n ti máa ń ṣe, pé ẹni tí olóògbé bá ṣẹ̀, kó dárí jì í nítorí Ọlọ́run, kí ilẹ̀ lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kálukú ń ṣe é jẹ́jẹ́ níbi tó jókòó sí. Ràmọ́nì dìde dúró ní tiẹ̀. Ṣé kò lè jókòó sọ ọ́ ni? Omi wà lójú rẹ̀ lóòótọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dùn ún.

“Èmi Ràmọ́nì, mo dárí ji Ìdòwú ní ti ayédèrú tó gbé wá bá mi. Kí Ọlọ́run náà dárí jì í.”

Gbogbo wọn ní àmín. Bó ṣe fẹ́ máa lọ, Waheedat sá tẹ̀ lé e, ó fi ọ̀rá kékeré kan lé e lọ́wọ́. Ó ní bàbá òun ló ní kí wọ́n fún un, kó tó kú. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni.

Kò fẹ́ wò ó. Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ó ní kí òun ṣáà nu eruku ara rẹ̀. Ibi tó ti ń nù ún ni ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé kó tú u. Ó tú u. Bọ́ọ̀dù aláwọ̀ ewé ló rí, orúkọ ilé iṣẹ́ wà lára rẹ̀, ọdún wà lára rẹ̀. Páálí tíì kan tí wọ́n ṣẹ́ po wà lábẹ́ rẹ̀ kó má baà máa mì, wọ́n fi báírò kọ R gàdàgbà sí páálí náà. Ràmọ́nì mọ ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Láyé ilé géèmù, àwọn ọmọ tí wọ́n bá nà nínú géèmù a máa fi ìbínú la kásẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Tí èèpo bá fọ́ tí inú ò kú, Ràmọ́nì á bọ́ èèpo lára ayédèrú tó ti kú, á fi wọ èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn, ta ló mọ̀ pé ẹnì kan á wá wọn lọ́la? Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ogún, ó gbàgbé wọn. Ìdòwú tó máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún un ò gbàgbé. Wọ́n ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ràmọ́nì fúnra rẹ̀ ló wọ ojúlówó láṣọ ayédèrú, òun náà ló tún wá torí aṣọ dá a lẹ́bi.

Ìdúró ò sí, ìbẹ̀rẹ̀ ò sí. Ọjọ́ yẹn náà ló padà sí Ogbooro. Mùyìbátù, ìyàwó Ìdòwú, wà nínú opó, ẹnu ọ̀nà yàrá ni Ràmọ́nì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, àgbàlagbà ọkùnrin. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní òun máa pe Olúsọjí, gbogbo owó tó bá wọlé, ti Waheedat ni, gbogbo ẹni tó fi Ìdòwú rẹ́rìn-ín lòun máa sọ òótọ́ fún. Obìnrin náà jẹ́ kó parí. Ó ní Waheedat á dúpẹ́. Ràmọ́nì wá béèrè bóyá Ìdòwú mọ ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà.

“Ó mọ̀, Bàbá Misturat. Ó ní tí wọ́n bá tú u níṣojú oníbàárà yín, wọ́n á rí ọwọ́ yín níbẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ pààrọ̀ èèpo rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ mọ́. Ó ní ibi tẹ́ ẹ ti ń jẹun nìyẹn.”

Ràmọ́nì ní kí ló dé tí Ìdòwú ò wá bá òun ní kọ̀rọ̀, láti ọdún mẹ́ta.

“Ó ń retí yín. Gbogbo Iléyá ló ń ní kí n bu ẹran tiyín sílẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, á ní kí n kó o fún àwọn ọmọ.”

Ràmọ́nì sunkún bí ọmọ kékeré. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun lórúkọ ọkọ rẹ̀. Mùyìbátù ní òun ò lè sọ ohun tí ọkọ òun ò rán òun, kó lọ bá Lèmọ́mù. Ó lọ. Ó bá bàbá náà níwájú mọ́sálásí, ó ní kí wọ́n bá òun pe èèyàn jọ, kí wọ́n wá bá òun bẹ Ìdòwú kó dárí ji òun. Lèmọ́mù gbọ́ ọ títí dé ìparí. Ó ní kó máa ṣàdúà fún un, kó máa ṣe sàráà lórúkọ rẹ̀, kó sì tún orúkọ rẹ̀ ṣe níbi tó ti bà á jẹ́. Ó wá mi orí.

“Alààyè là ń bẹ̀ kó dárí ji òkú, Ràmọ́nì. Mi ò mọ bí wọ́n ti ń bẹ òkú.”

Ràmọ́nì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ dúró sí ẹ̀bá títì, ó ń wá ọ̀kadà tó ń lọ Ṣakí.