Ìrẹsì Ṣáínà Lórí Ẹní Kòkó

Nígbà tí mo ṣì kéré, tó jẹ́ èmi ni gbogbo ilé ń rán lọ pọnmi tí kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́, aṣọ ni ìyá mi ń fọ̀ fún àwọn ará Ṣáínà tó ń la gẹdú lẹ́yìn Òrè. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ò lè gbàgbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀: gírísì, lẹ́búlẹ́bú igi, òógùn. Ìyá mi á fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó.

Àmọ́ ojú rẹ̀ kì í sí lára aṣọ. Ilé ìdáná wọn ló ń wò. Ìrẹsì àná ni wọ́n ń dín níbẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kí agbada gbóná títí á fi rú èéfín, wọ́n á da òróró sí i, wọ́n á fọ́ ẹyin sí i, wọ́n á gé ewé àlùbọ́sà, wọ́n á wá da ìrẹsì tútù lé e, pẹ̀lú omi dúdú oníyọ̀ kan láti inú ìgò. Tútù ni mo wí o. Bí ìrẹsì bá gbóná, á lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ.

Nígbà tó yá, ẹni tó ń dáná fún wọn padà sílùú rẹ̀. Ọ̀gá wọn ní kí ìyá mi wá dín ìrẹsì náà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Bó bá dùn, ó bọ́ lọ́wọ́ aṣọ fífọ̀ nìyẹn. Ìyá mi se ìrẹsì nírọ̀lẹ́, ó dé e mọ́lẹ̀, ó ní ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án, orógùn ni òun máa fi kí i. Kò sẹ́ni tó ronú kan Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi. Ta ló fẹ́ ronú kàn án? Pupuru, òkèlè ẹ̀gẹ́, ló ń jẹ látọjọ́ ayé. Oúnjẹ ẹyẹ ló ń pe ìrẹsì.

Ilẹ̀ mọ́, ìkòkò ṣófo. Ẹyẹ ti jẹun.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́?"

"Ó fẹ́ kan ni. Mo bá yín gbà á là."

"Há! Iṣẹ́ mi lẹ jẹ yẹn o!"

Màmá Àgbà ní kí ìyá mi má bínú. A ò rí irú ẹ̀ rí nílé wa.

Ìyá mi ò sunkún. Ó se òmíràn, kò jẹ́ kó rọ̀ jù. Ó wo ẹní kòkó tó wà ní àgbàlá, ó tẹ́ aṣọ funfun lé e, ó da ìrẹsì sí i, ó ń yí i padà bí a ṣe ń yí kòkó, kí oòrùn àti atẹ́gùn fa omi ara rẹ̀. Màmá Àgbà gbé àpótí jáde, ó mú ọ̀pá gígùn, ó jókòó tì í. Adìẹ tó yọjú gbọ́ èébú ìran rẹ̀. "Ẹ kúrò níbẹ̀, ọ̀jẹun! Ìyàwó ọmọ mi fẹ́ gbaṣẹ́!"

Lọ́sàn-án, ọ̀gá jẹun tán, ó tún na àwo. Bí ìyá mi ṣe di ìyá onídáná nìyẹn.

Lónìí, ata àti àlùbọ́sà ni mò ń tà ní oríta Òrè, fóònù ló sì ń kọ́ mi ní ọbẹ̀ àwọn ará Táílàǹdì: omi àgbọn, atalẹ̀, ata wẹẹrẹ, ewé tíì. Ewé tíì tí wọ́n ń sè fún wa nígbà ibà, tí a ń dijú gbé mì! Àwọn ọmọ mi ń lá àwo, wọ́n ní oúnjẹ òkè òkun ni. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ wa ni mo ti já a. Bí mo bá sì gbé orógùn báyìí, wọ́n á ní àwọn fẹ́ ya fídíò.

Ìrẹsì pàápàá ti gòkè àgbà, inú fíríìjì ló ń sùn. Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo ṣí i kí n lè dín ìrẹsì, abọ́ ti ṣófo. Mo wo ìyá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí. Òun ń wo àjà.

"Ó fẹ́ kan ni," ó wí.

Nínú fíríìjì! Mo gbé òmíràn kaná. Kí n tó rí nǹkan sọ, ìyá mi ti gbé àpótí jáde sí àgbàlá, ó ń bi mí níbi tí mo fi ọ̀pá sí.