Fún Ẹ̀gbọ́n Mi Olúbùnmi, Tó Tan Ìmọ́lẹ̀ sí Ìsàlẹ̀ Odò

Ó dìgbà o, ẹ̀gbọ́n mi! Ó mà ti di gbére! Èmi Ayọ̀délé, àbúrò yín kan ṣoṣo tó kù, ni wọ́n gbé bébà lé lọ́wọ́ pé kí n dágbére fún yín. Ẹ wo iṣẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin lẹ máa ń bá mi tún lẹ́tà mi kọ láti kékeré, ẹ sì mọ̀ pé tí inú bá ti ń bí mi, n kì í lè kọ gbólóhùn kan dópin. Inú ń bí mi, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní ẹ̀fọ́rí lásán ni lọ́jọ́ Ajé, ẹ ní kí n má ṣe ìyọnu wá sí Ìbàdàn. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, mo ti ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ bí a ó ṣe gbé yín wá sí Ìlá.

Olúbùnmi, afínjú obìnrin, oníwà tútù tí ìbínú kì í pẹ́ lójú rẹ̀, ọ̀làwọ́ tí kì í dá oúnjẹ jẹ, ọmọ Ìlá tó mọ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀! Ìdílé ṣì ń bi mí léèrè ohun tí ẹ ń ṣe gan-an ní Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹ ti máa ń sọ ọ́ fún mi. Nínú fíìmù àwọn ọmọdé tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà, bí ẹja tàbí ènìyàn bá wà lábẹ́ omi, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi ìmọ́lẹ̀ sínú omi náà. Ẹ̀yin ni ẹni náà. Ẹ̀yin lẹ máa ń ya bí oòrùn ṣe ń gba ojú omi tó ń mì wọlé, tí yóò sì tẹ́ ìlà wínníwínní tó ń jó sórí iyanrìn bí àwọ̀n. Ẹ̀yin lẹ máa ń mú kí àwọ̀ pupa kọ́kọ́ pòórá bí ènìyàn bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀, kí àwọn àwọ̀ yòókù tó tẹ̀ lé e. Àwòrán mẹ́rìnlélógún ló ń wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè gba kọ̀ǹpútà ní wákàtí kan gbáko, ìyẹn bí iná bá wà.

Bí ẹ bá wálé, ẹ ó gbé abọ́ ńlá funfun kan sí àgbàlá, ẹ ó pọn omi kún un nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ ó jókòó tì í lórí àpótí, ẹ ó máa fi ìka kan kan omi, ẹ ó sì máa wo ìsàlẹ̀. Èmi ni mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ lọ yunifásítì tán, ẹ wá ń ṣọ́ omi ìfọṣọ. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní, "Ayọ̀, kọ̀ǹpútà ò rí omi rí. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ bá a rí i."

Ṣùgbọ́n àwa ará ilé mọ ìdí tí ẹ fi yan omi. Àbúrò wa Àìná bá omi lọ nígbà tí ẹ wà ní iléèwé girama, nínú odò tó wà lọ́nà oko wa. Màmá wa kò sunkún níwájú ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wá kí wa: "Ṣé òkùnkùn ni ìsàlẹ̀ ibẹ̀?" Pásítọ̀ sọ̀rọ̀ ọ̀run fún wọn, àwọn àgbà ní kí wọ́n gbé e kúrò lọ́kàn. Ẹ̀yin nìkan lẹ mú ìbéèrè náà bí ìbéèrè, tí ẹ sì lọ wá èsì rẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ tí wọ́n gbà yín fún, ẹ ń ya ìran kan tó jẹ́ tiyín: ìsàlẹ̀ odò wa lọ́sàn-án, láìsí ẹja, láìsí ènìyàn. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ parí rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ẹ sì kìlọ̀ pé kí n má tíì fi han Màmá. Èmi olóríkunkun yín, mi ò gbọ́. Ọjọ́ Kérésì ni mo gbé e síwájú wọn, lójú àwọn àlejò. Wọ́n wò ó fìrí, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ojú ṣì ń tì mí di òní. Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń bẹ iṣu, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa rẹ̀: "Odò wa kì í ṣe búlúù."

Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún yín. Dípò kí ẹ bínú, ńṣe lẹ pariwo lórí fóònù: "Màmá jàre! Òkun àwọn òyìnbó ni mo yà!" Ẹ ní bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo yín níyẹn, pé búlúù ni omi, àti pé ẹ̀yin tí ẹ pọn omi odò náà lọ́mọdé ti gbàgbé àwọ̀ rẹ̀. Ẹ gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, a gun ọ̀kadà lọ síbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé láti ọjọ́ burúkú yẹn. Ẹ ki fóònù tó ń ya fídíò bọ inú ìgò tó ní ìdérí, ẹ so ó mọ́ ọ̀pá, ẹ rì í sínú omi. Èmi dúró lókè, n kò lè sún mọ́ ọn. Àwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì ni omi náà, ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ sì dà bí oyin. Ẹ lọ da gbogbo ohun tí ẹ ti yà nù, ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ó gbà yín tó ọdún méjì. Ìsàlẹ̀ pátápátá ṣú díẹ̀, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kó mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí Màmá. Ẹ kọ̀. Ẹ ní, "Bí mo bá fi kún un, wọ́n máa mọ̀." Ẹ parí rẹ̀ lóṣù tó kọjá, ẹ sì ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé e wá, kí ẹ lè jókòó tì wọ́n bí wọ́n bá ń wò ó.

Àṣà wa kò gbà kí òbí rí ojú oórì ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin olólùfẹ́ wa tí ẹ kò bá rí Màmá láàárín wa lónìí, ilé ni wọ́n wà. Nígbà tí àwọn ẹbí sọ fún wọn, wọn kò jiyàn. Wọ́n kàn ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní, "Wọn ò ní jẹ́ kí n tẹ̀ lé e dé ibi tó ń lọ. Gbé iṣẹ́ tó ń ṣe wá."

Mo gbé kọ̀ǹpútà yín, tó bá ẹrù yín dé, sórí àga níwájú wọn. Ìran náà kò ju ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ lọ. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ṣí gèlè lórí, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n sì bú sẹ́kún tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n ń pe Àìná, wọ́n ń pe ẹ̀yin náà. Mo nawọ́ láti pa kọ̀ǹpútà náà dé, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Má pa á. Jẹ́ kí n bá wọn jókòó díẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ẹ jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán yín, ẹ sì jẹ́ ẹ dáadáa. Ẹ bá mi kí Àìná. Bí ẹ kò tilẹ̀ sí níbí mọ́ láti bá mi tún ọ̀rọ̀ yìí kọ, mo mọ̀ pé ẹ ó gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ sùn re o, Olúbùnmi, ẹ sùn wọra lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá yín. Bí mo ti ń kọ èyí, ìran náà ṣì ń lọ ní pálọ̀, Màmá ṣì jókòó síwájú rẹ̀.