Ẹ̀rọ Fásitì Mẹ́rin Lórí Ibùsùn Mi

Mo rántí bí ojú ọjọ́ ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú, kò sì pariwo rárá. Ó kàn ń rọ̀ ṣáá ni, bí ẹni tí kò ní ibòmíràn láti lọ. Ojú ọ̀run ṣú bí ìdí ìkòkò. Atẹ́gùn òkun ń gbé òórùn iyọ̀ àti ti ẹrẹ̀ wọlé láti ojú fèrèsé, aṣọ tí mo sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ọjọ́ méjì sì tutù síbẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti da omi tí mo fi bọ́jú nù, mo rí i pé kò sí ilẹ̀ tí mo lè dà á sí mọ́. Omi ti gba gbogbo àgbàlá mi. Sílípáàsì mi ẹsẹ̀ kan ti ń léfòó lọ sídìí igi mángòrò, àwọn adìẹ mi sì ti gun orí ògiri, wọ́n ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo da omi náà síbẹ̀.

Awoyaya là ń gbé, níbi tí mo ṣì wà títí dòní. Nígbà yẹn, wọ́n ń tún ọ̀nà ńlá tó gba iwájú wa láti Ajah ṣe, yanrìn tí wọ́n kó jọ sì ti dí ọ̀pọ̀ ojú àgbàrá. Ọkọ mi tó ti dolóògbé ló kọ́ ilé wa. Ilé iwájú ló kọ́kọ́ kọ́, ó sì gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ga dáadáa nítorí pé ilẹ̀ àbàtà ni. Nígbà tó yá, ó kọ́ yàrá ńlá kan sẹ́yìn, ṣùgbọ́n agbára ti ń tán, búlọ́ọ̀kù ò tó, bí yàrá ẹ̀yìn ṣe wà nílẹ̀ pẹlẹbẹ nìyẹn. Inú yàrá yìí ni àwọn fásitì mẹ́rin gbé ẹ̀rọ wọn sí.

Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin ló fà á. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní físíìsì, ní fásitì kékeré kan ní apá Ọ̀ṣun. Èmi tí mi ò ka ju ìwé mẹ́ta lọ, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń dun ọmọ mi. Bí ó bá fẹ́ mọ bí inú òkúta tàbí amọ̀ kan ṣe tò, yóò lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́, yóò pọ́n ọn sínú ọ̀rá, yóò sì fi ránṣẹ́ sókè òkun sí àwọn tó ní ẹ̀rọ tí ń wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, oṣù mẹ́fà ni yóò fi dúró. Nígbà mìíràn, wọn ò ní dáhùn rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, torí kò sí fásitì tó lè dá ẹ̀rọ náà rà nínú wọn. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ kiri. Ó lọ bá wọn ní fásitì kan ní Èkó níbí, ó lọ sí ọ̀kan nílẹ̀ Ìgbò, ó lọ sí ọ̀kan lókè Ọya. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáwọ́ jọ ra ẹyọ kan, kí gbogbo ẹni tó ń ṣèwádìí físíìsì lórílẹ̀-èdè yìí lè máa rí i lò. Ọdún mẹ́rin ló fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà.

Nígbà tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ààró lẹ fẹ́ ṣe yẹn." Lóko bàbá mi ní Ìjẹ̀bú, ọkùnrin mẹ́rin á para pọ̀ ro oko ẹnì kan lónìí, wọ́n á ro ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Mo yangàn fún gbogbo àdúgbò pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ohun tí bàbá mi ti mọ̀ láìlọ ilé ìwé.

Ọkọ̀ òkun ló gbé ẹ̀rọ náà dé èbúté ńlá tó wà ní ìsàlẹ̀ wa. Wọn ò fẹ́ kí ojú ọ̀nà gbọ̀n ọ́n jìnnà, wọ́n wá ń wá ilé tó sún mọ́ tòsí. Ọmọ mi bi mí pé, "Màmá mi, ṣé omi kì í wọ yàrá ẹ̀yìn?"

Mo ní, "Omi kẹ̀? Omi wo?"

Irọ́ ni mo pa. Ọdún tó tẹ̀lé ìsìnkú ọkọ mi, omi wọ yàrá náà dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo gbá a jáde, mo nù ún, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé mo ń wá ayálégbé lójú méjèèjì. Ohun tí mo rò ni pé bí ẹ̀rọ bá wà lọ́dọ̀ mi, ọmọ mi tí mi ò rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún á máa wálé lóṣooṣù. Ẹ wo ọgbọ́n àgbàlagbà.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé nínú àpótí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí ohun tó yà mí lẹ́nu. Ẹ̀rù ń ba fásitì kọ̀ọ̀kan pé kí àwọn yòókù má lọ ṣí i lò lẹ́yìn òun. Ni kálukú bá mú àgádágodo tirẹ̀ wá. Mẹ́rin ló wà lára ilẹ̀kùn kan, kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan sì lọ sí fásitì tirẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ tí gbogbo wọn bá pé jọ ni wọ́n á ṣí i, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá fọ́ àgádágodo kan ṣoṣo, àdéhùn ti tú nìyẹn. Mo wò wọ́n. Nínú ààró tí mo mọ̀, mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni ti ọkọ́ mọ́lé rí.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pé jọ náà ni omi yìí dé. Gbogbo wọn ti sùn sí Ajah, ní òtẹ́ẹ̀lì kan, ọmọ mi wà láàárín wọn. Mo pè é lórí fóònù.

"Omi ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn o."

Ó ní, "Màmá mi, ẹ ní omi kì í débẹ̀."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Orí pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n gbé àpótí yẹn lé o! Bí omi bá fi wọ inú ẹ̀, ó ti bà jẹ́ nìyẹn. A ò sì lè kọjá, ọ̀nà ti di odò, ọkọ̀ kankan ò lọ."

Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ọ̀gá náà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan ní, "Ẹ sọ fún Màmá pé wọn ò gbọdọ̀ fọ́ tiwa o!" Òmíràn ní, "Tiwa wá ni kí wọ́n fọ́?" Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ṣèpàdé. Wọ́n fẹ́ ṣèpàdé, omi sì ń gòkè!

Ọmọ mi rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá mi, bí ẹ bá fọ́ ọ̀kan péré, wọ́n á ní èmi ni mo rán yín. Gbogbo ẹ̀ á tú ká." Bí fóònù ṣe já nìyẹn.

Mo káṣọ mi sókè, mo wọ́ omi lọ sí ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun wà lábẹ́ tapólì, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Mo bẹ̀ wọ́n, mẹ́fà sì tẹ̀ lé mi. Nígbà tí káfíńtà wọn rí ilẹ̀kùn náà, ó pàtẹ́wọ́.

"Màmá, òkú ta ni wọ́n tì mọ́bẹ̀ tó gba àgádágodo mẹ́rin?"

"Ẹ̀rọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni."

"Ṣé ó máa ń sá lọ ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé òòlù sókè, mo sì pariwo pé kó má fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní, "Ibo la fẹ́ gbà wọlé nígbà náà, Màmá? Ojú ihò kọ́kọ́rọ́?"

Ìgbà yẹn ni mo wo ẹ̀gbẹ́ kejì ilẹ̀kùn. Nítorí pé ọkọ mi ò fẹ́ kí ilẹ̀kùn máa gba àyè nínú yàrá, ó ṣe é kó máa ṣí síta, gbogbo irin ìdè tó so ó mọ́ ara ògiri sì wà níta gbangba. Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́rin ti dúró níwájú ilẹ̀kùn yẹn, ibi àgádágodo ni gbogbo wọn ń wò. Mo ní, "Káfíńtà, tú ìdè yìí." Kò pẹ́ rárá. Ó yọ ọ́ lókè, ó yọ ọ́ nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí láti ẹ̀gbẹ́ òdì. Àgádágodo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní títì síbẹ̀, àwọn ló wá gbé ilẹ̀kùn dúró.

Omi ti wọlé, ó ti rin pákó tó wà lábẹ́ àpótí, ṣùgbọ́n kò tíì kan àpótí. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbé e. Ọ̀kan ń mí gúlegúle, ó ní, "Màmá, ṣé gbogbo fásitì náà ni wọ́n dì sínú ẹ̀?" A gbé e gun àtẹ̀gùn ilé iwájú. Omi ò wọ ibẹ̀ rí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo ti fẹnu mi sọ̀rọ̀ nípa omi lẹ́ẹ̀kan, mi ò tún fẹ́ fọkàn tán an. Mo ní kí wọ́n gbé e sórí ibùsùn mi, ibùsùn onírin tí ọkọ mi rà. Mo fi tapólì bò ó, mo fi ìró mẹ́ta lé e. Mo wá jókòó tì í bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn.

Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó dé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá. Ẹ bá rí àwọn ọ̀gá ńlá tí wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún, tí bàtà wà lọ́wọ́ wọn! Ẹ̀yìn ni wọ́n gbà lọ tààrà. Wọ́n rí ilẹ̀kùn tó fẹnu sílẹ̀, wọ́n rí àgádágodo wọn ní títì. Ọ̀gá tó wá láti Èkó fa tirẹ̀ wò, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wọ yàrá mi, èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ará òkè Ọya, gbé ọwọ́ sókè: "Mama, na for bed you put am?"

Kí wọ́n tó bi mí ní nǹkan kan, mo sọ ọ́. Mo ní, "Omi ti wọ yàrá yẹn rí. Mo mọ̀. Irọ́ ni mo pa fún ọmọ mi. Ẹ má bá a wí, èmi ni kí ẹ bá wí." Ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, ojú rẹ̀ sì ń wo ilẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé, mo ní mo fẹ́ kó máa wálé ni.

Baba náà jókòó sórí àpótí aṣọ mi, ó ń fún omi ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní, "Mama, you just want see your pikin. We wey be four professor, we no fit trust ourselves with one door." Àwọn yòókù wolẹ̀. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ àdéhùn.

Wọ́n tú àpótí. Gbígbẹ ni. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì, a tan jẹnẹrétọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jà lórí òkúta fásitì tó máa kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀, kálukú sì ti kó tirẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n baba yẹn jáde, ó bu yanrìn nídìí àtẹ̀gùn mi. Ó tutù, mo bá gbé agbada kaná, mo yan án bí ẹni ń yan gàrí, ọmọ mi sì lọ̀ ọ́. Yanrìn àgbàlá mi ni ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ wò. Nígbà tí ìlà kan bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tó ń sọ̀kalẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn hó yèè bí ọmọdé. Mi ò mọ ohun tí ìlà náà ń sọ. Ọmọ mi di mọ́ mi, ó ní, "Màmá mi, ẹ bá kàn ti ní kí n máa wá. Ǹ bá máa wá." Ohun tó wà láyà mi láti àárọ̀ wá fò lọ.

Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ láti fásitì tí mi ò lè pe orúkọ wọn ti gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá, pẹ̀lú erùpẹ̀ àti òkúta wọn nínú ọ̀rá. Wọn ò fi ránṣẹ́ sókè òkun mọ́. Bí mo bá ronú kàn án báyìí, mo máa ń dúpẹ́ pé ẹnu mi ò wúwo jù lọ́jọ́ náà láti sọ òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́.

Lọ́jọ́ kejì tí omi náà dé, òjò dá. Mo pe àwọn òṣìṣẹ́ yẹn padà, mo ní kí wọ́n gbé ibùsùn mi kúrò nínú yàrá ńlá kí ẹ̀rọ náà lè máa gbébẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sínú yàrá kékeré tí mo ń kó iṣu sí. Ọmọ mi ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, mo ní kó gbé ìkòkò yẹn kúrò lọ́nà fún mi. Nígbà tí a parí, mo fẹ̀yìn lélẹ̀. Láti ara ògiri, mo ń gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń kùn, mo ń gbọ́ ohùn ọmọ mi tó ń bá àwọn ọ̀gá jiyàn. Ọ̀sán gangan ni, mo sì sùn títí di ìrọ̀lẹ́.